Nicole Cooke, Ọmọbìnrin Tó Fi Kẹ̀kẹ́ Gba Wúrà

Ọmọ Wales ni

Nicole Cooke jẹ́ obìnrin kan tó fi kẹ̀kẹ́ gígùn ṣe iṣẹ́. Kì í ṣe alùpùpù ló ń gùn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ń mu epo. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Wales ni Nicole. Wales jẹ́ ilẹ̀ kékeré kan ní Yúróòpù. Ó wà lára Bírítéènì, pẹ̀lú England àti Scotland. Òkè pọ̀ ní Wales, òjò sì máa ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Àwọn ará Wales ní èdè tiwọn. Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ Wales ń kọ́ èdè ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe ń kọ́ èdè Yorùbá àti èdè Faransé.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1983 ni wọ́n bí Nicole, ní ìlú Swansea. Abúlé kan tó ń jẹ́ Wick ló ti dàgbà. Gbogbo ará ilé wọn ló fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ̀ ń gùn ún, Nicole náà sì ń gùn ún. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn lọ sí ilé ìwé ní ìlú Bridgend. Bó bá di àárọ̀, á gun kẹ̀kẹ́ lọ. Bí wọ́n bá jáde, á gun kẹ̀kẹ́ bọ̀. Báyìí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lágbára díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 11, ó wọ ẹgbẹ́ kan ní ìlú Cardiff. Cardiff ni olú ìlú Wales. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni, Cardiff Ajax sì ni orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Nicole ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹlòmíì sá eré kẹ̀kẹ́.

Fún ọmọkùnrin nìkan

Nicole fẹ́ kí òun jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú eré. Ṣùgbọ́n ó rí ohun kan tí kò dára.

Ní Bírítéènì nígbà náà, ìdíje ńlá wà fún àwọn ọmọkùnrin. Ọmọkùnrin tó bá borí á gba àmì ẹ̀yẹ, wọ́n á sì pè é ní akọni gbogbo ilẹ̀ náà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdíje yẹn kò ní ti àwọn ọmọbìnrin. Ọmọbìnrin lè ní kẹ̀kẹ́. Ó lè ní agbára. Ó lè sáré ju àwọn ọmọkùnrin kan lọ. Síbẹ̀, kò sí ìdíje tí wọ́n ṣe fún un.

Kí ni Nicole ṣe? Kò jókòó kó máa sunkún. Kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Òun àti bàbá rẹ̀ mú ìwé àti kálámù. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn àgbà tó ń bójú tó eré kẹ̀kẹ́ ní Bírítéènì. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìdíje fún àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú. Lẹ́tà kan kò tó. Wọ́n tún kọ òmíràn. Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ń ṣàlàyé.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà náà gbọ́. Wọ́n ṣe ìdíje fún àwọn ọmọbìnrin. Nicole lọ síbẹ̀, ó sì borí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló jèrè. Gbogbo ọmọbìnrin tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló rí ọ̀nà gbà.

Ní ọdún 1999, Nicole bá àwọn àgbàlagbà obìnrin díje lójú ọ̀nà. Ìdíje gbogbo Bírítéènì ni. Ọmọ ọdún 16 péré ni. Àwọn tó ń bá a díje dàgbà jù ú lọ. Ó borí gbogbo wọn! Kò tíì sí ẹni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó gba ipò kìíní nínú ìdíje yẹn rí.

Báwo ni eré kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà ṣe rí?

Eré kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà kì í ṣe eré kúkúrú. Ó lè ju 100 kìlómítà lọ. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gba inú ìlú, wọ́n á gba ẹ̀bá oko. Bí òjò bá ń rọ̀, wọn kì í dúró. Bí oòrùn bá mú, wọn kì í dúró. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ìlà ìparí ló borí.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn fúyẹ́ gan-an. Ọmọ kékeré lè gbé e sókè. Táyà rẹ̀ tín-ín-rín, kí ó lè yára. Gbogbo wọn ló ń dé akoto, nítorí pé bí ènìyàn bá ṣubú, orí ló yẹ kó kọ́kọ́ dáàbò bò.

Ohun tó ń dá ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ dúró jù ni atẹ́gùn. Ẹni tó wà níwájú ni atẹ́gùn ń lù. Atẹ́gùn yẹn ń tì í sẹ́yìn, ó sì ń tètè rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹni tó sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ atẹ́gùn lára. Bí ẹ bá ń rìn nínú ọyẹ́, tí ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn àgbàlagbà kan, ẹ̀yin náà á rí i pé atẹ́gùn dín kù.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sá eré kẹ̀kẹ́ fi máa ń wà nínú ẹgbẹ́. Ẹnì kan á lọ síwájú, á gba atẹ́gùn fún àwọn yòókù. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíì á gba ipò rẹ̀. Wọ́n ń ṣe èyí kí ẹni tó lágbára jù nínú wọn má baà rẹ̀ kí eré tó parí. Nígbà tí ìlà ìparí bá ti súnmọ́, ẹni yẹn á wá fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nicole borí ní ibi púpọ̀

Ní ọdún 2000, Nicole lọ sí ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ó gba ipò kìíní nínú eré ojú ọ̀nà. Ní ọdún 2001, ó tún gba ipò kìíní ní ẹ̀ẹ̀mẹta: nínú eré ojú ọ̀nà, nínú eré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá sá, àti nínú eré kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ìgbà 4 ló ti borí gbogbo ọ̀dọ́bìnrin ayé.

Ní ọdún 2002, ó di ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́. Ó kó lọ sí Ítálì láti máa gbé ibẹ̀, ó sì kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀. Ní ọdún yẹn náà, ó ṣojú fún Wales ní ìdíje kan ní ìlú Manchester. Àwọn ilẹ̀ tí Bírítéènì ti ṣàkóso rí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nicole gba àmì ẹ̀yẹ wúrà fún Wales.

Ní ọdún 2003, ó gba Ife Àgbáyé ti àwọn obìnrin. Ọmọ ọdún 20 ni.

Ní ọdún 2004, ó lọ sí eré kẹ̀kẹ́ tó yí ilẹ̀ Ítálì ká. Eré yìí kì í parí lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń sáré lónìí, wọ́n ń sùn, wọ́n tún ń sáré lọ́la, fún ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n á wá ṣírò gbogbo wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kéré jù ló borí. Nicole ló borí. Ní ọdún 2006 àti ọdún 2007, ó tún borí nínú eré àwọn obìnrin tó gba ilẹ̀ Faransé kọjá.

Kò rọrùn

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni Nicole ń borí. Ní ọdún 2004, ó lọ sí eré Òlíńpíìkì ní ìlú Athens, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Òlíńpíìkì ni eré tí gbogbo ayé ń pàdé sí lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin. Ipò karùn-ún ni Nicole gbà. Ẹni kìíní, ẹni kejì àti ẹni kẹta ló ń gba àmì ẹ̀yẹ. Nicole padà sílé láìgba nǹkan kan.

Orúnkún rẹ̀ náà dùn ún gan-an. Àwọn dókítà ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó sinmi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tó le ju orúnkún lọ. Nígbà náà, àwọn kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń lo oògùn burúkú. Oògùn yìí kì í ṣe èyí tí dókítà ń fún aláìsàn. Oògùn pé kí ara lè ní agbára tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Òfin eré kẹ̀kẹ́ kò gbà á láàyè. Ó ń ba ara jẹ́. Ó sì jẹ́ ìrẹ́jẹ, nítorí pé ẹni tó lò ó ń gba ohun tó tọ́ sí ẹlòmíì.

Nígbà tí Nicole ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn kan fi oògùn bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́. Ó kọ̀ ọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀ ọ́, àwọn tó ń lò ó lè máa yára ju òun lọ. Síbẹ̀ ó kọ̀ ọ́. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé bí òun bá borí, ẹsẹ̀ òun ló borí.

Bákan náà, owó tí wọ́n ń san fún obìnrin kò tó èyí tí wọ́n ń san fún ọkùnrin. Ìdíje tiwọn kò sì pọ̀ tó ti àwọn ọkùnrin. Nicole ń sọ ọ́ jáde, kò dákẹ́.

Ọjọ́ òjò ní Ṣáínà

Ní ọdún 2008, Òlíńpíìkì wáyé ní ìlú Beijing, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, àwọn obìnrin tó ń sá eré kẹ̀kẹ́ kó ara wọn jọ. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ sá jẹ́ nǹkan bí 126 kìlómítà. Ìparí rẹ̀ wà lórí òkè, nítòsí Odi Ńlá Ṣáínà. Odi yìí gùn púpọ̀, àwọn ọba àtijọ́ ló mọ ọ́n kí ọ̀tá má baà wọlé.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Òjò náà pọ̀. Omi ń ṣàn lójú ọ̀nà. Aṣọ àwọn eléré tutù, ojú wọn kún fún omi. Ọ̀nà ń yọ̀, àwọn kan sì ṣubú.

Àwọn obìnrin 3 ni Bírítéènì mú wá: Nicole, Emma Pooley àti Sharon Laws. Wọ́n ti jọ ṣètò. Emma mọ òkè gùn dáadáa. Ó ń sáré síwájú lójijì. Àwọn ilẹ̀ yòókù ń lé e, ó sì ń rẹ̀ wọ́n. Nicole dúró sínú agbo, ó ń pa agbára rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìparí ń súnmọ́, àwọn obìnrin 5 já sílẹ̀, wọ́n fi àwọn yòókù sẹ́yìn. Nicole wà lára wọn. Àwọn mẹ́rin yòókù wá láti Síwídìn, Ítálì, Dẹ́ńmáàkì àti Ọ́síríà. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ìlà ìparí. Àmọ́ ọ̀nà náà yà lójijì níbẹ̀, kí ó tó gun òkè lọ sí ìlà.

Nicole rò ó. Táyà tó fi sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn fẹ́lẹ́, kí kẹ̀kẹ́ lè fúyẹ́ lórí òkè. Irú táyà bẹ́ẹ̀ lè yọ̀ nínú omi. Bí òun bá fi eré sáré yà níbẹ̀, òun lè ṣubú. Bí òun bá ṣubú, gbogbo iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti tán. Nítorí náà, ó dẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó yà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àwọn mẹ́rin yòókù yára jù ú lọ. Wọ́n fi í sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wò ó rò pé ó ti tán fún un.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nicole kò ṣubú. Ó ti kọjá ibi tó ń yọ̀. Òkè ló kù, òkè sì ni Nicole mọ̀ láti kékeré ní Wales. Ó dìde lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó fi gbogbo agbára tó ti pa mọ́ tẹ kẹ̀kẹ́. Ó bá wọn. Ó kọjá ẹnì kan. Ó kọjá òmíràn. Ó kọjá gbogbo wọn!

Bó ṣe kọjá ìlà, ó pariwo ayọ̀ tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 32 ló ti lò lórí kẹ̀kẹ́. Emma Johansson, ọmọ Síwídìn, gba fàdákà. Tatiana Guderzo, ọmọ Ítálì, gba idẹ. Nicole Cooke gba wúrà. Òun ló kọ́kọ́ gba wúrà fún Bírítéènì ní Òlíńpíìkì ọdún náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìdíje àgbáyé wáyé ní ìlú Varese, ní Ítálì. Nicole tún borí. Ṣáájú rẹ̀, kò sí ọkùnrin, kò sí obìnrin, tó gba wúrà eré ojú ọ̀nà ní Òlíńpíìkì tó sì gba ti àgbáyé ní ọdún kan ṣoṣo. Nicole ni ẹni àkọ́kọ́.

Ó ran ẹlòmíì lọ́wọ́

Ní ọdún 2012, Òlíńpíìkì wáyé ní ìlú London. Nicole tún wà níbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe òun ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ fún ẹni tó kéré sí i, Lizzie Armitstead. Òjò tún rọ̀. Lizzie gba fàdákà. Ohun tí Emma ṣe fún Nicole ní Ṣáínà, Nicole náà ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, Nicole sọ pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ eré kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ni. Lọ́jọ́ tó fi í sílẹ̀, ó sọ òtítọ́ nípa oògùn burúkú àti nípa bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin dù wọ́n. Lẹ́yìn náà, ó kọ ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Cardiff láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Lóde òní

Eré kẹ̀kẹ́ àwọn obìnrin ti gbòòrò sí i. Láti ọdún 2022, àwọn obìnrin tún ti ní eré ńlá tiwọn ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dọọdún. Ní ọdún 2025, ìdíje àgbáyé, irú èyí tí Nicole borí ní Varese, wá sí Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìlú Kigali, ní ilẹ̀ Rùwáńdà, ni wọ́n ti ṣe é. Kigali náà ní òkè púpọ̀, ọkùnrin àti obìnrin ló sì díje níbẹ̀.

Nicole gba wúrà ní Ṣáínà nítorí pé ó lágbára, ó sì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè díje rárá, lẹ́tà ló kọ́kọ́ kọ. Ọmọbìnrin kékeré ni nígbà náà. Ó rí ohun tí kò tọ́, ó sì sọ pé kò tọ́.

Ìbéèrè

1. Ilẹ̀ wo ni Nicole Cooke ti wá? Abúlé wo ló ti dàgbà?
2. Kí ló ń gùn lọ sí ilé ìwé?
3. Kí ni kò dára nínú ìdíje ní Bírítéènì nígbà tí Nicole wà ní kékeré? Kí ni òun àti bàbá rẹ̀ ṣe?
4. Kí ló dé tí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹlòmíì nínú eré kẹ̀kẹ́ kì í tètè rẹ̀?
5. Kí ló dé tí Nicole kò fi gba oògùn burúkú?
6. Ní Ṣáínà, kí ló dé tí Nicole fi yà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí ni ẹ̀ bá ṣe?
7. Ẹ ṣàlàyé òwe yìí: «Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.» Ibo ni ẹ ti rí i nínú ìtàn Nicole?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ ya kẹ̀kẹ́ kan sínú ìwé yín. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ẹ mọ̀ ní èdè Yorùbá, kí ẹ sì kọ ọ́ ní èdè Faransé. Lẹ́yìn náà, ẹ ronú nípa ohun kan tí kò tọ́ ní ilé ìwé tàbí ní àdúgbò yín. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí àgbàlagbà kan tó lè tún un ṣe.